Bí a ṣe lè ṣírò GHz Knights Landing kí Intel tó kéde rẹ̀

Ní April 2014, NERSC, ibùdó kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lábẹ́ yàrá ìwádìí Lawrence Berkeley ní California, kéde pé òun fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Cori ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n fi sọrí Gerty Cori, obìnrin tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947. Node, ìyẹn kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n so pọ̀, tó lé ní 9,300 ni yóò wà nínú rẹ̀, processor kan ṣoṣo ni yóò sì wà nínú node kọ̀ọ̀kan, ìyẹn Knights Landing tí Intel ṣì ń kọ́ lọ́wọ́. Ó ṣì ku ọdún méjì kó tó dé ọjà. Ní June ọdún yẹn, Intel sọ pé processor náà máa ṣe ju teraflops 3 lọ, ìyẹn ni pé ó máa ṣe ju trílíọ̀nù mẹ́ta ìṣirò onídẹ́símà oní-bit 64 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n sọ irú core, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò nínú processor, tí wọ́n gbé e kà. Wọ́n sọ irú mẹ́mórì tí yóò wà lára rẹ̀. GHz, ìyẹn iye bílíọ̀nù ìgbà tí aago rẹ̀ máa ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá, ni wọn ò sọ.

Ẹni tó ní program lórí kọ̀ǹpútà NERSC kò lè káwọ́ gbera títí di ọdún 2016. Ó ní láti mọ̀ bóyá kí òun tún program náà kọ, ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀, àti iye wákàtí tí òun yóò tọrọ lórí ẹ̀rọ tuntun. Ìbéèrè méjì ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Báwo ni aago processor yìí yóò ṣe yára tó? Tí aago bá sì lù, èló nínú iṣẹ́ ló máa ti parí? Ohun tí Intel fúnra rẹ̀ ti tú síta tó láti dáhùn ìbéèrè kìíní kó tó di ọjọ́ ìkéde, ìdáhùn náà sì ṣe rẹ́gí. Ìbéèrè kejì ló gba làákàyè.

Ìṣirò náà gan-an

Iye ìṣirò tí processor lè ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni iye core rẹ̀, lọ́nà iye ìṣirò tí core kan lè ṣe nígbà tí aago bá lù lẹ́ẹ̀kan, lọ́nà iye ìgbà tí aago ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá. Tí mẹ́ta bá wà lọ́wọ́ ẹni nínú nǹkan mẹ́rin yìí, ẹ̀kẹrin kò ríbi sá sí.

Ó dára ká kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀gbọ́n Knights Landing, Knights Corner, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní November 2012. Èyí tí wọ́n ń pè ní 5110P ní core 60, aago rẹ̀ ń lù ní 1.053 GHz. Core kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka vector kan tó fẹ̀ tó bit 512, nọ́ńbà oní-bit 64 mẹ́jọ ló sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣẹ FMA máa ń sọ nọ́ńbà méjì di ìlọ́po, á tún fi ẹ̀kẹta kún un lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ìṣirò méjì ni wọ́n ń kà á sí. Mẹ́jọ lọ́nà méjì jẹ́ 16. Ká wá fi 60 lọ́nà 16 lọ́nà 1.053, gigaflops 1,011 ló jáde (gigaflops 1,000 ni teraflops kan), òun náà sì ni Intel kọ sára ọjà. Ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún 7120P tó ní core 61 àti 1.238 GHz, á fún wa ní 1,208, ó tún bá a mu. A mọ̀ nígbà náà pé bí ilé-iṣẹ́ yìí ṣe ń ka teraflops rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n wọ̀n lára ẹ̀rọ ni wọ́n ń polongo, òkè téńté tí processor kò lè kọjá láéláé ni. Ẹ jẹ́ ká rántí èyí dáadáa, nítorí a máa padà bọ̀ síbẹ̀.

Ní August 2015, níbi àpéjọ Hot Chips, Intel ṣí ìdí Knights Landing. Tile 36 ni, core méjì wà nínú tile kọ̀ọ̀kan, ìyẹn core 72. Core kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka vector méjì, bit 512 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó. Ìṣirò 32 ni core kan ń ṣe nígbà tí aago bá lù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo core lápapọ̀ á ṣe 2,304. Tí a bá pín 3,000 sí ọ̀nà 2,304, a rí 1.302 GHz.

Ẹ má dúró síbẹ̀. Aago processor irú èyí, láìdàbí ti Knights Corner, máa ń gòkè ní 100 MHz, 100 MHz, ìyẹn 0.1 GHz. Tí core 72 bá ń lù ní 1.3 GHz, gigaflops 2,995 ló máa ṣe. Márùn-ún ni kò pé! Ilé-iṣẹ́ tó bá sọ pé "ó ju 3 lọ" ní gbangba kò ní jẹ́ kí márùn-ún kò ó lójú. Nítorí náà 1.4 ni ìsàlẹ̀ pátápátá fún core 72. Ní òkè ńkọ́? Ẹni tó ní mẹ́rin lọ́wọ́ kò ní polongo pé mẹ́ta àti díẹ̀ lòun ní, pàápàá nígbà tó ń bá àwọn tó ń ta káàdì GPU du oníbàárà. Pín 4,000 sí ọ̀nà 2,304, ó jẹ́ 1.736. Àlàfo wa ti wà láàárín 1.4 àti 1.7.

Iye core kò dájú tó bẹ́ẹ̀ náà. Pákó sílíkọ́nì tó fẹ̀ tó báyìí kì í jáde láìní àbùkù níbì kan, tile tó bá bàjẹ́ ni wọ́n máa ń pa, tí wọ́n á ta ìyókù bíi ọjà tó rẹlẹ̀ díẹ̀. NERSC pàápàá kò sọ pé core 72 lòun ń rà. "Ó ju 60 lọ" ló sọ. Tó bá jẹ́ core 68, iye GHz tó kéré jù tó lè mú teraflops 3 ṣẹ jẹ́ 1.379, ìyẹn 1.4 nígbà tí a bá gbé e sí 100 MHz tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ 64, ó di 1.465, ìyẹn 1.5. Tó bá jẹ́ 60 géérégé, ó di 1.5625, ìyẹn 1.6. Bí core ṣe ń dín kù ni GHz tí ìlérí náà ń béèrè ń ga sí i.

Àṣìṣe méjì tó bọ ara wọn lọ́wọ́

Ibi tí irú ìṣirò yìí ti máa ń gbé ènìyàn ṣubú jù ni iye ìṣirò nínú ìlù aago kan. Ká ní ẹnì kan fi ti Knights Corner ṣe òdiwọ̀n, tó gbà pé ẹ̀ka vector kan náà ló wà nínú core tuntun. Core 72 lọ́nà 16 jẹ́ 1,152. Tó bá pín 3,000 sí ọ̀nà 1,152, á rí 2.6 GHz.

Ẹnu á kọ́kọ́ yà á, nítorí ó ju ìlọ́po méjì 7120P lọ. Á wá lọ wá ẹ̀rí. Intel ti sọ pé láti ara Silvermont, core kékeré ti ìdílé Atom, ni wọ́n ti ṣe core Knights Landing. Ó wo Atom C2750 tó ti wà lọ́jà: core Silvermont mẹ́jọ, 2.4 GHz, tó lè sáré dé 2.6. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó tún wo iná tó ń jẹ, 20 watt. Core 72 jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án core mẹ́jọ, 20 lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 180 watt. Ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló ti rí báyìí, ọ̀rọ̀ wọn sì ṣọ̀kan: 2.6 GHz, core irú kan náà, 180 watt. Irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé Silvermont inú C2750 kò ní ẹ̀ka vector tó fẹ̀ tó bit 512 rárá. Bit 128 ni tirẹ̀. Nígbà tí aago Knights Landing bá lù lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ka méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin ti Silvermont ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń sọ nọ́ńbà di ìlọ́po tí wọ́n sì ń ro ó pọ̀. Láti bọ́ wọn yó, L1, mẹ́mórì kékeré tó wà nínú core náà, gbọ́dọ̀ lè gbé byte 64 wá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlù kan. Iṣẹ́ yìí ló ń jẹ iná, kò sì sí nínú 20 watt ti C2750. Orúkọ ìdílé ni core méjèèjì jọ ń jẹ́, àpò wọn yàtọ̀.

Ìdánwò kan wà tó ń tú àṣírí irú àṣìṣe yìí. Ká mú GHz tí a rò, ká fi ìṣirò 32 tó tọ́ lọ́nà rẹ̀: 72 lọ́nà 32 lọ́nà 2.6 jẹ́ gigaflops 5,990. Ṣé ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe bíi teraflops 6 ló máa polongo 3? Nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ọ̀kan nínú nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Iye ìṣirò nínú ìlù kan kì í ṣe ohun tí a ń jogún láti ara ẹ̀gbọ́n. Inú ìwé tó ṣàlàyé àṣẹ àti ẹ̀ka inú core ni a ti ń wá a, tí kò bá sì tíì sí níbẹ̀, ká ṣírò fún ẹ̀ka kan àti fún ẹ̀ka méjì, ká kọ méjèèjì sílẹ̀ títí ìròyìn tó dájú yóò fi dé.

Iná ni yóò yan nínú 1.4, 1.5, 1.6 àti 1.7

Ìpín ti ṣe ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ jẹ́ ká gba ojú ọ̀nà iná wò ó.

Iná tí processor ń jẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ń lọ bí GHz ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń lọ bíi fólítéèjì lọ́nà ara rẹ̀. GHz àti fólítéèjì kì í sì í ya ara wọn: kí aago tó lè yára ju bó ṣe wà lọ, ó ní ibi tó máa dé tí fólítéèjì náà gbọ́dọ̀ gòkè. Láti ibẹ̀ lọ, owó iná á máa ga ju èrè lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára Knights Corner. 5110P ń jẹ 225 watt, ó ń ṣe gigaflops 1,011. 7120P ń jẹ 300 watt, ó ń ṣe 1,208. Iṣẹ́ fi ìdá 19.5 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, iná fi ìdá 33 gòkè. Lóòótọ́, mẹ́mórì 7120P tó jẹ́ GB 16, tó tún yára ju GB 8 ti 5110P lọ, jẹ díẹ̀ nínú iná yẹn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó ń lọ kò ṣòro rí.

Knights Landing tí NERSC ń rà yóò jókòó fúnra rẹ̀ sínú ihò processor lórí pátákó ìyá, bíi Xeon, processor Intel fún server, kò ní jẹ́ káàdì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń kì sínú kọ̀ǹpútà bíi Knights Corner. Àwọn Xeon E5 ìgbà náà tó ń jẹ iná jù wà ní bíi 160 watt; káàdì Knights Corner tó ga jù wà ní 300. Àárín méjèèjì yìí ni ti Knights Landing gbọ́dọ̀ wà. Ká mú 215 watt ní 1.4 GHz gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀. Tí a bá fẹ́ gbé e lọ sí 1.7, GHz fi ìdá 21 gòkè. Tí fólítéèjì bá ní láti fi ìdá 10 péré tẹ̀ lé e, iná yóò fi bíi ìdá 47 gòkè, ó di 316 watt. Ìyẹn ju káàdì tó ga jù lọ, bẹ́ẹ̀ ihò processor ni yóò jókòó sí. 1.7 ti jáde nínú ìdíje. Ní 1.6 pẹ̀lú ìdá 7, ó di bíi 281. Ó ṣòro, àyàfi fún àwọn díẹ̀ tí wọ́n bá ṣà lẹ́ṣà. Ní 1.5 pẹ̀lú ìdá 3 tàbí 4, ó wà ní bíi 244 sí 249, èyí ṣeé gbà.

Ohun mìíràn tó yẹ ní àkíyèsí ni pé watt tí wọ́n kọ sára káàdì Knights Corner kó mẹ́mórì GDDR5 rẹ̀ mọ́ra. Ti Knights Landing kó MCDRAM, mẹ́mórì GB 16 tó yára tó wà nínú páálí kan náà, mọ́ra, kò kó DDR4, mẹ́mórì tó wà lórí pátákó, mọ́ra. Ẹni tó bá fi watt méjèèjì wéra ní tààrà ń fi ọsàn wé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ohun tí a lè kọ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2015, nígbà náà, kò ju ìlà kan lọ: 1.4 GHz fún èyí tí ọ̀pọ̀ máa rà, 1.5 fún èyí tó ga jù.

June 20, 2016

Ọjọ́ yìí ni Intel kéde wọn. 7290 ní core 72, 1.5 GHz, 245 watt. 7250 ní core 68, 1.4 GHz, 215 watt. 7230 àti 7210 ní core 64 àti 1.3 GHz lọ́kọ̀ọ̀kan, 215 watt. 7250 ló wọ inú Cori.

Ìṣirò náà bọ́ sí i ní òkè, ó sì ṣàṣìṣe ní ìsàlẹ̀. A ti sọ pé core 64 gbọ́dọ̀ ní 1.5 kí ìlérí teraflops 3 tó lè ṣẹ, ṣùgbọ́n 1.3 ni wọ́n fún un, gigaflops 2,662 ló sì lè ṣe. Ìlérí náà kò kan àwọn méjì ìsàlẹ̀ rárá. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá polongo ṣáájú máa ń jẹ́ ti àkọ́bí nìkan, àwọn àbúrò á gba ohun tó bá ṣẹ́kù, nítorí náà ẹni tó bá ń retí ọjà olówó pọ́ọ́kú nínú ìdílé kan náà gbọ́dọ̀ gé nǹkan kúrò lórí core àti lórí GHz lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà ni àlàyé kékeré tó wà nísàlẹ̀ tábìlì náà, tó ṣe pàtàkì ju tábìlì lọ. GHz tí wọ́n kọ jẹ́ ti iṣẹ́ tí kò lo vector fífẹ̀ púpọ̀. Tí gbogbo tile bá ń ṣiṣẹ́ tí iná ṣì kù, ẹ fi 100 MHz kún un. Tó bá jẹ́ tile kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, ẹ fi 200 kún un. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó kún fún àṣẹ AVX wúwo, ìyẹn àṣẹ tó ń lo vector fífẹ̀, ẹ yọ 200 kúrò.

Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré nílé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí. Gílóòbù, fáàànù àti tẹlifíṣọ̀n lè wà lórí rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ má yí padà. Ìgbà tí ẹnì kan bá so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn ni ohùn rẹ̀ máa ń wálẹ̀, tí gílóòbù á ṣú. FMA oní-bit 512 ni áyọ́ọ̀nù processor yìí. Àṣẹ yẹn gan-an ni wọ́n sì fi ṣírò teraflops 3! Ní 1.2 GHz, 7250 kò lè kọjá gigaflops 2,611, bó ti wù kí program náà dára tó. 3,046 tí wọ́n polongo jẹ́ ìṣirò tó mú GHz iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tó fi í lọ́nà iṣẹ́ wúwo. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó bá kọ GHz kan sílẹ̀ kọ irú iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Láti GHz dé iṣẹ́ gidi

2,611 náà ṣì ga jù. Core Knights Landing ń tú àṣẹ méjì péré nínú ìlù kan. Kí ẹ̀ka vector méjèèjì tó lè máa ṣiṣẹ́ láìdúró, àṣẹ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ FMA ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ kò sí program tí FMA nìkan wà nínú rẹ̀: a ní láti gbé nọ́ńbà wá láti inú mẹ́mórì, ká sún atọ́ka síwájú, ká wò bóyá àyípoyípo ti parí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń gba àyè FMA kan. Nínú àyè ọgọ́rùn-ún, tí 12 bá lọ sórí irú nǹkan wọ̀nyí, 88 ló kù, 2,611 sì di bíi 2,300. Ẹni tó ń kọ DGEMM, program tó ń fi matrix lọ́nà matrix, fún processor yìí máa ń fi nọ́ńbà tó wà ní mẹ́mórì ṣe ara FMA fúnra rẹ̀, kí gbígbé wá má gba àyè ọ̀tọ̀, á sì na àyípoyípo gùn kí àṣẹ òfo lè dín kù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Cori ṣe ní tòótọ́ lórí Top500, àkójọ kọ̀ǹpútà 500 tó yára jù lágbàáyé, ti November 2016. Core 622,336 ni wọ́n fi ṣe Linpack, ìdánwò tí wọ́n fi ń tò wọ́n lórí àkójọ náà, ìyẹn node 9,152 tó ní core 68 lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkè téńté tí wọ́n kọ fún un jẹ́ petaflops 27.88 (teraflops 1,000 ni petaflops kan), tí a bá pín in sí core kọ̀ọ̀kan, a rí gigaflops 44.8, ìyẹn 32 lọ́nà 1.4 géérégé. Ohun tó ṣe jẹ́ petaflops 14.01. Teraflops 1.53 ni node kan ṣe, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n polongo. Oakforest-PACS ní Japan, tó ní node 8,178 pẹ̀lú 7250 kan náà, ṣe petaflops 13.55, teraflops 1.66 ni fún node kan, ìdá 54.

Ẹni tó bá fi 1.4 GHz ṣe òdiwọ̀n á pariwo pé ìdajì iṣẹ́ ti sọ nù. Ẹni tó bá fi 1.2 GHz ṣe é á rí i pé ìdá 59 àti 63 ni wọ́n ṣe nínú ohun tó ṣeé ṣe, àyè àṣẹ méjì àti ìsọ̀rọ̀sí láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún node ló sì jẹ ìyókù. Linpack ni iṣẹ́ tó rọ irú processor yìí lọ́rùn jù. Fún ìdí yìí, ìlànà tó yẹ ní ìgbà tí processor kò tíì jáde ni pé kí a gé ìlérí sí ìdajì fún iṣẹ́ matrix tó pọ̀ lórí node púpọ̀, ká má sì fi èyíkéyìí lé e lórí.

Fún èyí tó pọ̀ jù nínú program àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, GHz kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹ wo àyípoyípo kékeré yìí: mú nọ́ńbà kan láti B, mú ọ̀kan láti C, fi iye kan lọ́nà ti C, rò ó pọ̀ mọ́ ti B, kọ ọ́ sínú A. Ìṣirò méjì, byte 24. Intel sọ pé MCDRAM lè gbé ju GB 400 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Pín 400 sí ọ̀nà 24, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, gigaflops 33 ló jáde. 33 nínú 3,046! Ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbé aago lọ sí 1.5, ẹ gbé e lọ sí 2, 33 náà ló máa jẹ́, nítorí ẹnu ọ̀nà mẹ́mórì ni gbogbo core ti tò sí.

Tí dátà bá wá ju GB 16 lọ, tó ṣàn dé DDR4, ọ̀rọ̀ tún burú sí i. Ojú ọ̀nà DDR4 mẹ́fà, byte mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní 2.4 GT/s, ìyẹn gbígbé bílíọ̀nù 2.4 ní ìṣẹ́jú àáyá, jẹ́ GB 115.2 ní òkè téńté. Àyípoyípo wa kò lè ju gigaflops 9.6 lọ níbẹ̀. Kí iṣẹ́ kan tó lè jẹ́ ti GHz ní 1.2, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò tó tó 6.5 lórí byte kọ̀ọ̀kan tó bá gbé láti MCDRAM. Ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi program nìyí: ìṣirò mélòó fún byte kan? Tí ìdáhùn bá wà lábẹ́ 6, ẹ gbàgbé GHz, ẹ lọ ṣírò bí dátà ṣe máa wọ GB 16.

Apá tó ń lọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan náà ńkọ́, tí kò ṣeé pín fún core púpọ̀? Ìpín àkọ́kọ́ Cori, tó yàtọ̀ sí node Knights Landing, lo Xeon E5-2698 v3 méjì nínú node kan, core 32 lápapọ̀ ní 2.3 GHz. Ìṣirò 16 nínú ìlù kan, gigaflops 1,178. Lórí ìwé, node Knights Landing yára tó ìlọ́po 2.6 rẹ̀. Ká ní iṣẹ́ kan gba 100 ìṣẹ́jú àáyá lórí node Xeon, tí 10 nínú rẹ̀ kò ṣeé pín. 90 tó kù á di 35. Ṣùgbọ́n 10 yẹn wà lórí core kan ṣoṣo, tí aago rẹ̀ lọ́ra, tó ń tú àṣẹ méjì péré. Ká ní ó lọ́ra ní ìlọ́po mẹ́ta, 10 á di 30. Gbogbo rẹ̀ di 65. Ìlọ́po 2.6 ti sọ̀ kalẹ̀ sí 1.5, apá tó kéré nínú iṣẹ́ ló sì ń jẹ bí ìdajì àkókò báyìí. Ibi tí ó yẹ kí ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún Cori ti bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ program rẹ̀ nìyẹn, ìṣirò tó sọ bẹ́ẹ̀ sì ṣeé ṣe láti 2014 láìmọ GHz kankan.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá dé ọwọ́, ẹ má gba GHz tó wà lára páálí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí program gidi máa sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ara processor gbóná, kí ẹ sì ṣí turbostat, irinṣẹ́ tó ń fi ìyára aago hàn, sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí Linux, kí ẹ ka Bzy_MHz, ìyẹn MHz nígbà tí core ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ matrix, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò lo vector. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá yàtọ̀, tinú iṣẹ́ yín ni kí ẹ gbé sínú ìṣirò.

Owó wọn nígbà náà wà nínú ìkéde June 2016. 7290 jẹ́ dọ́là 6,254, 7250 jẹ́ 4,876, 7230 jẹ́ 3,710, 7210 jẹ́ 2,438. Lórí teraflops tí wọ́n polongo, 7290 gba dọ́là 1,810 fún teraflops kan nígbà náà, 7210 gba 916. MCDRAM GB 16 kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ti 7290 ń lọ ní 7.2 GT/s, ti 7210 ní 6.4. Nítorí náà fún program tó ń dúró de mẹ́mórì, 7210 ń gbé ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ 7290 ní ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀.